Òru tí kọ̀ǹpútà mi da omi sí títì

Aago méjì òru ti kọjá díẹ̀ nígbà tí fóònù mi dún. Bàbá ọdẹ ni. "Injiníà, ẹ tètè máa bọ̀ o! Táǹkì ti kún àkúnya, omi ti dé ojú títì!"

Ilé iṣẹ́ omi inú ọ̀rá kan n'Íbàdàn ni mo ń bá tọ́jú ẹ̀rọ nígbà náà. Mo gbé láptọ́ọ̀pù àlòkù kan sí ọ́fíìsì, mo fi wáyà RS-485 so ó mọ́ sensọ̀ tó ń ka ìwọ̀n omi inú táǹkì àti relay tó ń tan páńpù. Wáyà méjì péré ni, tí wọ́n lọ́ mọ́ra, ó sì lè gbé ọ̀rọ̀ dé nǹkan bí 1,200 mítà tí ọ̀rọ̀ náà ò bá sáré jù. Modbus ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Láti 1979 ló ti wà. Àgbà tí kì í da ni láàmú. Omi bá wálẹ̀ dé 30%, láptọ́ọ̀pù á tan páńpù. Ó bá dé 90%, á pa á. Mo wá yọ float àtijọ́, bọ́ọ̀lù tó ń léfòó tó ń pa páńpù bí omi bá kún, kúrò nínú táǹkì. Ọgbọ́n àgbọ́njù! Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń yan kiri bí ẹni tó kan ọkọ̀ òfurufú.

Lóru ọjọ́ yẹn, Windows ní àfi kóun ṣe àtúnṣe ara òun. Ó kú, ó jí, ó wá jókòó ti ibi tó ti ń béèrè páásíwọ́ọ̀dù. Páńpù sì wà ní títàn kó tó kú. Relay ò mọ̀ pé ẹni tó rán òun níṣẹ́ ti sùn lọ. "Tàn" ni wọ́n sọ fún un gbẹ̀yìn, ó sì ń tàn lọ.

Alhaja, ọ̀gá ilé iṣẹ́ wa, ò pariwo. Wọ́n ní, "Injiníà, bọ́ọ̀lù tó ń léfòó tí o yọ sọnù yẹn, ṣé ó ṣe báyìí rí?"

Mi ò rí èsì fọ̀.

Mo ra PLC kan ní Alábà, kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ṣe fún dídarí ẹ̀rọ; òun ló ń tan páńpù tó sì ń pa á báyìí. Láptọ́ọ̀pù kàn ń wòran, ó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀, mo sì lè tibẹ̀ yí 30 àti 90 yẹn padà. Ó lè sùn títí di ọjọ́ Jímọ̀. Float ti padà sáyè ẹ̀: omi bá ti kan án, iná kọ́ńtátọ̀, súìṣì ńlá tó ń gbé iná fún páńpù, já nìyẹn, ohun yòówù kí PLC wí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, eku jẹ wáyà sensọ̀. Táǹkì òfìfo, iná kékeré tó jẹ́ 4 mA (mílíámpù) ni sensọ̀ wa ń fi ránṣẹ́. Tó bá kún, 20. Nítorí náà, 0 kì í ṣe òfìfo, wáyà ló gé. Ká ní 0 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni, PLC ì bá rò pé omi ti tán, ì bá sì tan páńpù. Ṣùgbọ́n ó pa á, ó sì ké sí láptọ́ọ̀pù.

Bàbá ọdẹ tún pè mí. "Injiníà, ojú kọ̀ǹpútà yín ti pọ́n o. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbẹ."