Iná Pupa Tó Ń Ṣẹ́jú ní Akóbọ̀

Àǹtí Lọ́ńdọ̀n ni Ìyá Ìbejì ń pè mí. Leeds ni mo ń gbé, mo sì ti ṣàlàyé títí ó fi sú mi, ṣùgbọ́n lójú tiwọn, Lọ́ńdọ̀n ni gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n fi bí ọdún mẹ́tàdínlógún jù mí lọ, síbẹ̀ "ẹ" ni wọ́n ń bá mi sọ, èmi náà á dá "ẹ" padà, àwa méjèèjì á wá máa kúnlẹ̀ fúnra wa lórí fóònù. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn, ọwọ́ wọn ló wà láti ọdún 2022. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí, èmi ni mo jẹ̀bi nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ nípa ilé náà.

Fúláàtì oníyàrá méjì ni, ìsàlẹ̀, lọ́wọ́ òsì, nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní fúláàtì mẹ́rin. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo fi rà á. Nọ́ọ̀sì ni mí, ẹni tó bá sì mọ iye òru tó wà nínú fúláàtì kan kò ní bi mí léèrè ohun tó ṣe ojú mi. Àbúrò màmá mi ní kí n gbé e fún ayálégbé ọlọ́dọọdún kí ọkàn mi balẹ̀. Mo ní rárá. Mo fẹ́ máa rí ibi sùn tí mo bá wálé, mi ò fẹ́ máa gbé àpótí káàkiri ilé ẹbí. Bó ṣe di short-let nìyẹn: ẹ sùn lálẹ́ méjì, ẹ sanwó, ó dàbọ̀.

Àwọn ará Èkó tó ń bọ̀ wá ṣe ìyàwó n'Ìbàdàn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dé sílẹ̀ níbẹ̀. Bí oṣù kọkànlá bá dé, àwọn òbí tí ọmọ wọn ń gboyè ní UI á máa pè. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ẹbí aláìsàn tó wà ní UCH ni. Àwọn yẹn kì í pariwo, wọ́n kì í sì í dáná, mo máa ń dín owó kù fún wọn. Àwọn díẹ̀ ń gba orí Airbnb wá, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ẹnì kan tó mọ̀ mí, tó wá bá mi lórí WhatsApp, ló pọ̀. ₦45,000 lálẹ́ kan, pẹ̀lú ₦20,000 owó kọ́ṣọ̀n tí wọ́n á gbà padà bí ohunkóhun ò bá bàjẹ́. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 tí pọ́n-ùn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ di ₦2,000, mo jókòó ṣírò owó alẹ́ kan yìí, mo rí i pé kò tó ohun tí mo ń gbà fún iṣẹ́ wákàtí méjì níbí. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ṣírò ẹ̀ sí pọ́n-ùn mọ́. Náírà ni ilé ń pa, náírà ni kó máa ná.

Ohun tẹ́nikẹ́ni ò kìlọ̀ fún mi nípa ẹ̀ ni àtíkè. Mo ra tọ́wẹ́lì funfun mẹ́jọ láti ibí, àwọn tó nípọn, mo rù wọ́n wálé nínú àpótí tí mo san owó ẹrù lé. Ìyàwó kan ṣoṣo ni wọ́n ṣe lópin ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tọ́wẹ́lì mẹ́ta sì ti gba ojú èèyàn. Mi ò pa àṣamọ̀ o. Iwájú orí wà ńbẹ̀, imú wà ńbẹ̀, ìpéǹpéjú méjì dúdú kirikiri wà ńbẹ̀ pẹ̀lú ètè pupa. Ìyá Ìbejì rẹ ẹ́ sínú ọṣẹ mọ́jú, wọ́n fi bílíìṣì sí i, wọ́n sá a sóòrùn. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi: "Àǹtí Lọ́ńdọ̀n, ìyàwó yìí ò fẹ́ lọ." Tọ́wẹ́lì aláwọ̀ wáìnì láti Dùgbẹ̀ là ń lò báyìí, obìnrin tó bá wù ú kó fi ojú ẹ̀ sílẹ̀ síbẹ̀.

Ti áyọ́ọ̀nù náà tún wà. Pákó tí wọ́n ń lọ aṣọ lórí ẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó hàn gbangba, síbẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti ń lọ aṣọ ẹbí. Ìdí áyọ́ọ̀nù jẹ mátírẹ́ẹ̀sì mi bí ìgbà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù ú. Iye èrò ńkọ́? Mẹ́rin ni wọ́n máa ń sọ, bàbá ọlọ́dẹ á ka mọ́kànlá. Mi ò bá wọn jà mọ́ lórí ìyẹn, mo kàn ń gba owó ẹni tó bá lé.

Ṣùgbọ́n iná ni baba gbogbo ẹ̀. Band A ni àdúgbò wa, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún lójúmọ́ fún. Lóṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná wa láti ₦68 sí ₦225 lórí yúnìtì kan. ₦10,000 tó ń fún wa ní bíi yúnìtì 137 tẹ́lẹ̀ wá di bíi 41 pẹ̀lú owó orí tí wọ́n ń yọ. Èmi ni mò ń ra tọ́kìn láti Leeds. Nọ́ńbà ogún á jáde lórí fóònù mi, mo máa fi ránṣẹ́, Ìyá Ìbejì á wọ awò ojú wọn, wọ́n á sì kà á sí mi létí ní mẹ́rin-mẹ́rin bí ẹni ń ka sáàmù kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sí mítà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ yìí, aago wa dọ́gba. Bí oṣù kẹwàá bá ti ń parí, Ìbàdàn á fi wákàtí kan ṣíwájú mi, tọ́kìn á sì tán nígbà tí mo bá ń sùn.

Lóṣù keje ọdún yẹn, ilé ṣófo fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹnikẹ́ni ò sí níbẹ̀, a ti pa fíríìjì, a ti pa gbogbo ẹ́síì. Nígbà tí àlejò fẹ́ dé, mo ní kí Ìyá Ìbejì ka mítà fún mi. Yúnìtì 34 ti lọ. Owó tó lé ní ₦7,500, nínú ilé tí àwọn aláǹgbá nìkan ń gbé.

Ejò lọ́wọ́ nínú, ni mo wí. Mo kọ́kọ́ rò ó lọ́kàn, lẹ́yìn náà mo wá gbà á gbọ́. Mo rántí pé àwọn ìbejì wọn ń múra ìdánwò, pé yàrá kan ni wọ́n ń gbé, pé fúláàtì mi ní iná, ó ní ẹ́síì, ó sì ní tábìlì. Ẹni tó bá wà ní ìrìn wákàtí mẹ́fà nínú ọkọ̀ òfuurufú sí ilé ẹ̀ kì í ṣòro fún un láti ya àwòrán tí kò rí. Mi ò sì bi wọ́n bí èèyàn ṣe ń béèrè. Ìṣẹ́jú díẹ̀ tí mo ráyè lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fi gba ohùn ránṣẹ́: "Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò sí ẹni tó ń sùn síbẹ̀ tí mi ò mọ̀?"

Àmì méjì náà di búlúù lójú ẹsẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó fèsì: "Mo ti gbọ́, mà." Kò sí Àǹtí Lọ́ńdọ̀n níbẹ̀.

Mo tún wá fi kún un. Mo ní kí àbúrò màmá mi yà síbẹ̀ láìsọ fẹ́nì kankan. Wọ́n yà lóòótọ́, wọ́n ṣí wọ́dúròòbù, wọ́n tẹ orí bẹ́ẹ̀dì wò, wọ́n wo abẹ́ síǹkì, gbogbo ẹ̀ lójú Ìyá Ìbejì tó dúró ti ògiri pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Wọn ò rí nǹkan kan.

Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹ́síì yàrá ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í da omi sílẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń tún un ṣe dé lọ́sàn-án, wọ́n sì fi fídíò pè mí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, orí mi wà nínú fìlà ìsùn. Ó fẹ́ fọwọ́ kan wáyà, ó wá pa gbogbo nǹkan tó wà nínú ilé, títí dé gílóòbù ilé ìwẹ̀. Ó jáde lọ sídìí mítà, ó dúró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo eléyìí."

Ó gbé fóònù sún mọ́ ọn. Iná pupa kékeré kan wà lára mítà tó máa ń ṣẹ́jú bí iná bá ń jó. Bí iná tó ń jó bá kéré, á pẹ́ kó tó ṣẹ́. Ilé ti ṣókùnkùn pátápátá, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan yìí ń ṣẹ́jú kíákíá bí ojú ẹni tí iyanrìn kó sí. Ọmọkùnrin náà ní, "Nǹkan ńlá ń jẹun níbí." Ó bá já iná ilé mi sílẹ̀ látìdí mítà. Kò tó ìṣẹ́jú kan, ohùn obìnrin sọ láti òkè:

"Ta ló pa omi? Ọṣẹ ń bẹ lójú mi o!"

Pọ́ǹpù ni. Pọ́ǹpù tó ń fa omi láti inú bóòhòòlù sí gbogbo wa, fúláàtì mẹ́rin, mítà tèmi ni wọ́n so ó mọ́. Nígbà tí wọ́n ń parí ilé, tèmi nìkan ló ní mítà, ibẹ̀ ni oníná ti fa wáyà, ẹnikẹ́ni ò sì tún un ṣe. Láti ọdún 2022 ni mo ti ń fa omi fún ìdílé mẹ́ta. Nígbà tó jẹ́ ₦68, ó ń bá owó àlejò lọ, mi ò mọ̀. Owó iná tó lọ sókè ló tú àṣírí.

Ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò kò gùn. A dá ẹgbẹ́ WhatsApp sílẹ̀, ẹnì kan ní kí lèmi tó ń gba pọ́n-ùn ń pariwo owó omi fún, a fà á títí di oṣù kẹwàá, pọ́ǹpù sì ní mítà tiẹ̀ báyìí, gbogbo wa là ń dá owó sí i. Owó ẹ̀yìn, mo ti fi sílẹ̀.

Mo pe Ìyá Ìbejì lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní, "Kò sí nǹkan, mà." Ẹ mọ irú "kò sí nǹkan" yẹn.

Nígbà tí mo wálé lóṣù kejìlá, mo lọ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń din àkàrà láàárọ̀, ní oríta, ọyẹ́ mú, èéfín ń lọ sójú gbogbo wa. Mo mú aṣọ dání. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ti fóònù kọ́ o, orí ilẹ̀ gan-an. Àwọn tó ń dúró ra àkàrà dákẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ dìde, mà, epo á ta sí yín lára." Wọ́n gba aṣọ, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n yí àkàrà tó wà nínú epo padà lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kù díẹ̀ kó pọ́n jù. Wọ́n wá ní, láì wo ojú mi, "Ká ní ẹ bi mí ni, ilé mi ni ǹ bá mú yín lọ, kí ẹ wo ibi tí àwọn ọmọ ń sùn."

Wọ́n ṣì ń bá mi mú ilé. Àǹtí Lọ́ńdọ̀n náà ti padà, nígbà míì. Ṣùgbọ́n láti oṣù kejìlá yẹn, láràárọ̀ ni fọ́tò mítà ń dé, àlejò wà o, kò sí o. Mo ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu mọ́, pé mo gba wọ́n gbọ́. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kó máa wà ńbẹ̀, mà." Àwòrán lásán ni, wọn kì í kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.

Ilé ti ṣófo láti ọjọ́ Àìkú. Tàná, 61.90. Tàárọ̀ yìí dé ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú méjìlá: 61.40, àtàǹpàkò wọn bo igun kan, ẹ̀wà lílọ̀ ti gbẹ mọ́ èékánná.