Ooru ọ̀sán tó wà nínú "chômage"

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Faransé kì í pẹ́ kó tó gbọ́ "chômage". Àìríṣẹ́ṣe ni wọ́n á ní ó jẹ́, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ hú gbòǹgbò rẹ̀ wò, ooru lẹ máa bá níbẹ̀.

Àwọn Gíríìkì ń pe ooru tó ń jóni ní "kauma". Èdè Látìn yá a, ó di "cauma", wọ́n wá fi ṣẹ̀dá "caumare": kéèyàn dáwọ́ iṣẹ́ dúró nígbà tí oòrùn bá mú ganrínganrín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti roko rí mọ wákàtí yẹn: ọkọ́ wà nílẹ̀, àgbẹ̀ wà lábẹ́ igi. Ta ló máa pe onítọ̀hún lọ́lẹ?

Nígbà tó dẹ́nu àwọn Faransé, "ca" di "cha", "au" di "o", bí "causa" ṣe di "chose" gẹ́lẹ́. Ó di "chômer", wọ́n sì lẹ "-age" mọ́ ọn. Ẹ má kọ ọ́ ní "chaumage" o: ìyẹn ni gígé pòròpórò ọkà tó ṣẹ́kù lóko, "calamus" sì ni gbòǹgbò tirẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí "jour chômé" lórí ìwé ìṣètò iṣẹ́, ẹ má jáyà, wọn ò lé yín. Ọjọ́ tí iṣẹ́ dúró ni; ìtumọ̀ àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀. "Jour férié" ni ọlidé ìjọba, ọ̀gá sì lè ní kẹ́ ẹ wá. Nínú àwọn 11 tó wà, 1 oṣù Karùn-ún nìkan ni òfin ní kí tolórí tẹlẹ́mù sinmi, kówó wọn má sì dín. Níbi tí iṣẹ́ ò ti lè dúró, bí ilé ìwòsàn, owó ọjọ́ náà di ìlọ́po méjì.

"Être au chômage" ni iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ ẹni. France Travail, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àwọn tó ń wáṣẹ́, tó ń jẹ́ Pôle emploi títí di ìparí 2023, lẹ máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó fúnra rẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, "démission", kì í sábà rí owó ìrànwọ́ àìríṣẹ́ṣe gbà. Ẹni tó bá ọ̀gá fọwọ́ sí "rupture conventionnelle", ìyẹn àdéhùn táwọn méjèèjì jọ ṣe láti fòpin sí iṣẹ́ náà, lè gbà á, bí iṣẹ́ tó ti ṣe bá tó iye tí wọ́n ń béèrè. Lóṣooṣù lẹ ó máa ṣe "actualisation" pé ẹ ṣì ń wáṣẹ́. Ẹni tó bá gbàgbé, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀, owó á dúró.

Bí ẹlẹgbẹ́ yín bá sì mí kanlẹ̀ nírọ̀lẹ́, tó ní "on n'a pas chômé", kì í ṣe pé ó ń dúpẹ́ pé iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ yín. Ohun tó ń sọ ni pé ẹ ò fìdí kanlẹ̀ látàárọ̀.