Wáyà orí ní ICU, ẹ fọkàn balẹ̀
Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣe nọ́ọ̀sì l'Adó-Èkìtì ní táwọn ẹbí bá ti rí wáyà rẹpẹtẹ lórí èèyàn wọn ní ICU (wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an), wọ́n á ní ṣé ẹ fẹ́ kí iná gbé e ni. Rárá o jàre, EEG, ìyẹn ẹ̀rọ tó ni àwọn wáyà yẹn, kì í fi iná sí èèyàn lórí, iná kékeré tí ọpọlọ fúnra ẹ̀ ń mú jáde ló ń kà. Ẹni tó wà ní kómà, wárápá lè máa mú un nínú ọpọlọ kí ọwọ́ ẹsẹ̀ má mì rárá, ẹ̀rọ yìí ló máa tú àṣírí ẹ̀, wọ́n sì lè fi sílẹ̀ fún wákàtí 24. Irun dídì ló ń yọ àwọn tó ń lẹ wáyà náà lẹ́nu (ẹ̀yin onísùúkú, ẹ gbọ́ o), torí wáyà gbọ́dọ̀ kan awọ orí.