Kóòṣì tí a ní ní Túsìdé, tí a ò ní mọ́ ní Fúráìdé

Sátidé, ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, 2024. Ìbàdàn.

Bruno Labbadia ò wá mọ́ o. Túsìdé ni NFF, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà, kéde pé ọkùnrin ará Jámánì yẹn ni ọ̀gá kóòṣì tuntun fún Super Eagles, gbogbo rédíò ló gbé e, orí fóònù kún fún un, àwa náà ti ń wádìí ibi tó ti ṣiṣẹ́ rí, Stuttgart, Hamburg, Wolfsburg, Hertha Berlin, àfi bó ṣe di àná Fúráìdé tí wọ́n tún jáde wá sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò ṣeé ṣe mọ́, pé owó orí tí wọ́n máa yọ nínú owó ẹ̀ ní Jámánì ló dá wàhálà sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù ká gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Benin ní Uyo. Augustine Eguavoen tó jẹ́ technical director ní NFF ni wọ́n ní kó bá wọn di tíìmù mú fún máàṣì méjì, ti Benin yìí àti ti Rwanda ní Kigali.

Inú mi ò dùn rárá. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó sùn torí àtàárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu èèyàn, èmi náà sì ní nǹkan tí mo fẹ́ sọ tí wọn ò jẹ́ kí n ráyè sọ tán.

Ìdí ìwé ìròyìn ní Mọ́kọ́lá ni mo ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù. Ẹ mọ irú ibẹ̀, ẹni tó ń tà á á tẹ́ ẹ sórí tábìlì, èrò á dúró yí i ká, àwọn tó ń fowó rà á ò pọ̀, àwọn tó ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́ ló pọ̀, tí wọ́n bá ti ka àkọlé iwájú tán, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lónìí wọn ò tiẹ̀ dárúkọ olóṣèlú kankan. Bọ́ọ̀lù ni látòkè délẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ló ṣáájú. Ó ní òyìnbó nìkan ló lè káwọ́ àwọn ọmọ yìí, pé ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ítálì àti ní Ìlú Ọba, ta ni yóò wá sọ fún un nílé tí yóò gbọ́, pé ṣebí gbogbo wa la rí nǹkan tójú Finidi, kóòṣì ilé tó fiṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà, rí. Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà gbé ojú sókè nínú ìwé ìròyìn, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún wa ní 2013? Ṣé òyìnbó ni Keshi ni?" Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ẹ̀ẹ̀kan nìyẹn. Ti 1980, Otto Glória ará Brazil ni. Ti 1994, Westerhof ará Netherlands ni. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ti gbà á, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni tiwa."

Èèyàn méjì mẹ́ta pàtẹ́wọ́. Bàbá ò mira. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun sọ ti Adegboye Onigbinde, ọmọ Modákẹ́kẹ́, tó mú tíìmù dé àṣekágbá ní 1984 ní Abidjan kí Cameroon tó nà wá 3-1, tí wọ́n tún wá pè ní 2002 nígbà tí Ife Àgbáyé ti dé tán, tí wọ́n lé Amodu. Argentina nà wá 1-0, Sweden nà wá 2-1, a gbá ọ̀mì pẹ̀lú England, gbogbo ayé sì ń bú Onigbinde bíi pé òun ló ti ń tọ́ tíìmù náà láti ọdún mẹ́rin.

Ibi tó ti dárúkọ Amodu yẹn ló mú mi lọ́kàn jù lónìí, ó sì dùn mí pé wọn ò dúró lórí ẹ̀. Shuaibu Amodu ló mú wa dé Ife Àgbáyé 2002, ó gba ipò kẹta nínú ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Mali lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n lé e. Wọ́n tún pè é padà, ó tún mú wa dé Ife Àgbáyé 2010, ó tún gba ipò kẹta ní Angola, wọ́n tún gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, wọ́n gbé e fún Lars Lagerbäck ará Sweden. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣiṣẹ́ yẹn parí tí ẹlòmíì wọkọ̀ òfuurufú lọ jókòó síbi tó yẹ kóun jókòó. Keshi náà, ọjọ́ kejì tó gba ife ní South Africa ló sọ pé òun ò ṣe mọ́, àfìgbà tí wọ́n bẹ̀ ẹ́, nínú ọdún yẹn kan náà wọ́n tún jẹ ẹ́ lówó oṣù jọ. Oṣù kẹfà 2016 ni àwọn méjèèjì kú, ọjọ́ díẹ̀ ló wà láàárín ikú wọn. Tí mo bá ń gbọ́ tí èèyàn ń sọ pé kóòṣì ilé ò dáa, àwọn méjì yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn, torí a ò tíì fún ẹnì kankan nínú wọn ní nǹkan tí à ń fún òyìnbó ká lè fi wọ́n wéra.

Àmọ́ mi ò ní í torí ìyẹn sọ pé òyìnbó ò dáa o. Gernot Rohr, ẹ wò ó. Ọdún márùn-ún ló lò pẹ̀lú wa, ó mú wa dé Ife Àgbáyé 2018, ó gba ipò kẹta ní Egypt ní 2019, a lé e ní oṣù kejìlá 2021 tí ife ilẹ̀ Áfíríkà ò ju ìwọ̀nba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ará Kútọnu. Ní oṣù kẹfà tó kọjá yìí, ní Abidjan, Onyedika ti fún wa ní góòlù kan, kí half-time tó dé Dossou ti dá a padà, Mounié ti fi kejì lé e, Benin nà wá 2-1, Rohr dúró lẹ́bàá pápá ní tiwọn. Finidi fiṣẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹni tó gba Champions League pẹ̀lú Ajax ní 1995, tó gba líìgì ilé fún Enyimba ní 2023, máàṣì ìdíje méjì péré ni wọ́n fi wò ó. Sátidé tó ń bọ̀, Rohr yìí kan náà la tún máa bá pàdé ní Uyo. Ó mọ pápá yẹn, ó mọ àwọn ọmọ wa, òun ló kọ́kọ́ fún àwọn kan nínú wọn ní jẹ́sì.

Níbi ìwé ìròyìn yẹn, wọ́n ka orúkọ àwọn tó lè gba iṣẹ́ náà lọ bẹẹrẹ. Hervé Renard, torí ó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún Zambia ní 2012, ó tún gbà á fún Côte d'Ivoire ní 2015. Ẹnì kan ní owó ẹ̀ dà, ó parí síbẹ̀. Sunday Oliseh, wọn ò jẹ́ kí ẹni tó dárúkọ ẹ̀ parí ọ̀rọ̀, wọ́n ní ó ti ṣe é rí, ó fi í sílẹ̀ fúnra ẹ̀ ní 2016. Samson Siasia, torí oṣù tó parí lónìí yìí ni ọdún márùn-ún tí FIFA fi í sí ìjìyà pé, ó sì gba fàdákà ní Olympics Beijing, ó gba idẹ ní Rio. Mo fẹ́ràn Siasia, àmọ́ ẹni tí ò ti sún mọ́ pápá láti 2019, ó yẹ kó kọ́kọ́ ríbi mú kó tún fẹsẹ̀ múlẹ̀ kí wọ́n tó gbé irú ẹrù yìí lé e lórí.

Gbogbo àríyànjiyàn yìí, òyìnbó àbí tiwa, òyìnbó àbí tiwa, kò sẹ́ni tó béèrè pé kí ló dé tí wọ́n fi ń sáré.

Nǹkan tó wà lọ́kàn mi nìyẹn. Lóòótọ́ ọ̀rọ̀ bí a ṣe máa dé Ife Àgbáyé 2026 burú, máàṣì mẹ́rin, pọ́ìntì mẹ́ta, Lesotho wà lókè wa, èèyàn ò lè rò ó kó má dùn ún. Ṣùgbọ́n kò sí máàṣì Ife Àgbáyé kankan mọ́ títí di oṣù kẹta ọdún tó ń bọ̀! Ti ife ilẹ̀ Áfíríkà la fẹ́ gbá báyìí, láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù kọkànlá, pẹ̀lú Benin, Rwanda àti Libya, ẹgbẹ́ méjì nínú mẹ́rin ló sì máa lọ sí Morocco. Eguavoen lè ṣe ìyẹn. Kí wọ́n jẹ́ kó ṣe é títí di oṣù kọkànlá, kí wọ́n fi àsìkò yẹn wá akọ́nimọ̀ọ́gbá bó ṣe yẹ, kí wọ́n pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n bi wọ́n ní ìbéèrè gidi, kí wọ́n sọ̀rọ̀ owó àti owó orí àti ibi tó máa gbé tán pátápátá kí wọ́n tó pe oníròyìn kankan. Láti àárín oṣù kẹfà tí Finidi ti lọ títí di Túsìdé, kí ni wọ́n ń ṣe? Ó ju oṣù méjì lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tí Peseiro, kóòṣì tó ṣáájú Finidi, lọ lẹ́yìn àṣekágbá ife ilẹ̀ Áfíríkà tí Côte d'Ivoire ti nà wá, oṣù méjì ni wọ́n fi jókòó tì í, ìparí oṣù kẹrin ni Finidi ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ nígbà tí South Africa ń bọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà. Tí wọ́n bá jókòó tán, tí ilé ti fẹ́ jó, ìgbà yẹn ni wọ́n á wá dìde.

Iṣẹ́ tíṣà eré ìdárayá ni mò ń ṣe, àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé wa ni mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù, mo sì mọ nǹkan tí ọ̀sẹ̀ kan lè ṣe. Ọ̀sẹ̀ kan lè jẹ́ kí ọmọ mọ ibi tó máa dúró tí wọ́n bá fẹ́ gbá kọ́nà. Kò lè jẹ́ kí ọmọ mẹ́rin tó wà lẹ́yìn jọ sún síwájú lẹ́ẹ̀kan náà láì wojú ara wọn, ìyẹn ń gba oṣù, ọwọ́ èmi gan-an ò tíì bà á débi tí mo fẹ́. Tíìmù orílẹ̀-èdè tún wá burú jù ú lọ, torí àwọn ọmọ tó ń bọ̀ láti Yúróòpù, Mọ́ńdè, Túsìdé ni wọ́n máa wọlé, wọ́n á ṣe tìrénìn ọjọ́ bíi mẹ́ta, wọ́n á gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n á padà. Kóòṣì tó bá gba irú iṣẹ́ yìí lónìí kò ní í rí àwọn ọmọ ẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀ láàárín ọdún kan. Ẹ sì ní kó tún wọn ṣe ní máàṣì méjì.

Nígbà tí mo ráyè dá sí i, mo ní ẹni tí ọkàn tèmi yàn ni Emmanuel Amuneke. Gbogbo ibẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, mo rò pé torí pé obìnrin ló sọ ọ́ ni, lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́. Mo ní òun ló ju góòlù méjèèjì sáwọ̀n Zambia ní 1994, òun náà ló gbá èyí tó parí ọ̀rọ̀ Argentina ní Olympics Atlanta 1996, àmọ́ ìyẹn kọ́ ló jẹ́ kí n yàn án, torí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá lè má mọ̀ ọ́n kọ́. Mo yàn án torí 2015 ní Chile, tó gba Ife Àgbáyé àwọn tí ò tíì pé ọdún mẹ́tàdínlógún, tí Osimhen fi góòlù mẹ́wàá sáwọ̀n, tí Chukwueze náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ yẹn ló ń gbé tíìmù àgbà lónìí. Ọ̀rọ̀ pé wọn ò ní gbọ́rọ̀ sí kóòṣì ilé, ta ni wọ́n gbọ́rọ̀ sí lẹ́nu nígbà tí wọn ò tíì ní nǹkan kan? Ó tún lọ sí Tanzania, ó mú wọn dé ife ilẹ̀ Áfíríkà 2019, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1980.

Ọmọ tó ń tún fóònù ṣe ní, "Anti, ẹ ò sọ pé gbogbo máàṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n nà wọ́n ní Egypt, tí wọ́n sì lé e." Òótọ́ ló sọ, Senegal, Kenya, Algeria, kò sí pọ́ìntì kan. Mo ní Tanzania ni o, Algeria tó nà wọ́n ló gba ife náà, Senegal ló sì ṣe ìkejì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, àmọ́ òyìnbó lòun ṣì fẹ́. Bàbá ní kí wọ́n kúkú fi Eguavoen síbẹ̀ pátápátá, mo ní rárá o, Bàbá, ẹ rántí Ghana ní 2022, òun náà ló wà níbẹ̀ nígbà tí a pàdánù Ife Àgbáyé sí wọn lọ́wọ́ ní Abuja. Bàbá ní òun ló kọ́kọ́ na Egypt 1-0 ní oṣù kìíní ọdún yẹn kan náà, pé ó gba máàṣì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ìpele àkọ́kọ́. Mi ò lè jiyàn ìyẹn. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n jẹ́ ká fi Eguavoen sílẹ̀ títí dé oṣù kọkànlá, kí wọ́n pe Amuneke jókòó, kí wọ́n pe òyìnbó tó bá wù wọ́n náà jókòó, ìbéèrè kan náà ni kí wọ́n bi wọ́n, owó kan náà ni kí wọ́n fi lọ̀ wọ́n. Bàbá ní owó kan náà yẹn gan-an ni wọn ò ní gbà. Ó ká ìwé ìròyìn náà, ó fi lé orí tábìlì, ó ní kí ẹni tó ń tà á bóun fi tọ̀la pamọ́, tọ̀la òun á rà á.