Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń lé e lọ sójú ogun

Bí ọmọ yín bá wọlé lọ́la tó ní òun fẹ́ lọ kọrúkọ sílẹ̀ níṣẹ́ sójà, ẹ má tíì figbe ta, ẹ má sì tíì súre fún un. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tó ń lé e lọ.

Ìtàn ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Kétu nílẹ̀ Benin níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ìbéèrè kan wà tí wọn kì í yé bi mi: ìjọba tó ní ọlọ́pàá, tó ní ẹ̀wọ̀n, kí ló dé tó fi ń bẹ èèyàn kó wá jagun, tí kò kàn máa kó wọn?

Ìlú wa mọ ìdáhùn rẹ̀. Nígbà ogun àgbáyé kìíní, Faransé tó ń ṣàkóso wa ń wá àwọn tí wọ́n máa kó lọ jà ní Yúróòpù. Òfin ọdún 1912 ti gbà wọ́n láyè láti fi tìpátìkúùkù mú èèyàn. Wọ́n á bu iye kan fún ìlú, àwọn ìjòyè ló máa wá wọn jáde. Ni àwọn èèyàn wa bá dìde lóru, wọ́n gba ọ̀nà Ìmẹ̀kọ ní Nàìjíríà, ó di abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bàbá tó bí bàbá mi wà nínú wọn. Ó máa ń sọ bí wọ́n ṣe fi aṣọ di ewúrẹ́ lẹ́nu kó má baà ké lọ́nà, àti bí ìyàwó rẹ̀ ṣe da omi pa iná ààrò kí èéfín má baà fi hàn pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ni. Àwọn Ọ̀họ́rí níhà Pobè ní tiwọn kò sá, ńṣe ni wọ́n kọjú ìjà sí Faransé, ó sì di dandan kí wọ́n kó sójà tì wọ́n. Ẹni tó ń wá sójà wá ń fi sójà ṣọ́ abúlé! Oko di igbó, ẹni tó máa san owó orí ti ré ààlà kọjá. Ní oṣù kìíní ọdún 1918, gómìnà àgbà wọn ní Dakar, Joost van Vollenhoven, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ nítorí kò fara mọ́ ọn kí wọ́n tún máa kó èèyàn.

Wọ́n wá rán Blaise Diagne, ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà, aláwọ̀ dúdú tó wà nílé aṣòfin ní Paris. Ó fi ẹ̀tọ́, iṣẹ́ àti oyè pe àwọn èèyàn, àwọn tó rí sì lé ní 60,000. Àwọn ìjòyè ṣì ti àwọn kan síwájú, èmi ò ní parọ́ fún yín. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kó èèyàn jọ ju ìbọn lọ.

Ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń dùn mí jù. Ọmọ ogun wọn kò pọ̀ lọ́dún 1914, kò sì sí òfin tó ń mú èèyàn nípá. Wọ́n kéde, ẹni tó lé ní mílíọ̀nù méjì sì fínnúfíndọ̀ jáde. Wọ́n ní kí ará àdúgbò, ẹlẹgbẹ́ níbi iṣẹ́ àti ọ̀rẹ́ jọ máa wà nínú ẹgbẹ́ ogun kan náà. Ọgbọ́n gidi nìyẹn, torí ojú ọ̀rẹ́ ń ti èèyàn ju ojú ọ̀gá lọ, ó ṣòro láti sá níṣojú ẹni tẹ́ ẹ jọ dàgbà. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1916 lẹ́bàá odò Somme nílẹ̀ Faransé, ìlú kékeré bí Accrington nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàdánù ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ láàárín òwúrọ̀ kan. Kó tó dìgbà yẹn, àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn ti dín kù, òfin àfipámúni sì ti dé láti oṣù kìíní ọdún náà. Ọsirélíà ní tiwọn dìbò lẹ́ẹ̀mejì, ní 1916 àti 1917, àwọn tó pọ̀ jù sì ní àwọn ò fẹ́ òfin bẹ́ẹ̀. Ìjọba tó ń bẹ èèyàn lè máa bẹ̀rù ìbò náà.

Láti 2022 ni wọ́n ti ń kó sójà wa lọ sí apá òkè ilẹ̀ Benin, níbi tí àwọn agbébọn ti ń gba ààlà Burkina Faso àti Niger wọlé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kú lọ́jọ́ kan ṣoṣo níhà Alibori ní oṣù kìíní ọdún 2025. Ọmọ àbúrò mi wá bá mi.

“Bàbá, mo fẹ́ wọṣẹ́ sójà.”

“Ìwọ àti ta ni?”

Ó dárúkọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.

“Bí gbogbo wọn bá yí ọkàn padà lálẹ́ òní ńkọ́?”

Ó dákẹ́ títí. “Màá ṣì lọ, Bàbá. Tẹ́nì kankan ò bá lọ, wọ́n á dé ìhín.”

Mo súre fún un. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí mo bi ní irú ìbéèrè yẹn ní owó oṣù lòun ń wá, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. A dáwó jọ, ó kọ́ṣẹ́ jíjó irin, ó sì ti ń jẹun nídìí rẹ̀.

Ẹ bi ọmọ yín bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó jókòó ti ẹnì kan tó ti apá òkè dé, kí ẹ̀yin sì kúrò níbẹ̀ kí wọ́n lè sọ òótọ́ fúnra wọn. Bí ó bá ṣì fẹ́ lọ, ẹ ka ìwé tó máa fọwọ́ sí pa pọ̀: ọdún mélòó ló so ó mọ́, ta ni wọ́n máa san owó fún bó bá fara pa tàbí bó bá kú. Kí ẹni tó gbọ́ Faransé jù nínú ilé kà á sókè, kí ìyá rẹ̀ náà sì gbọ́.