Ẹ̀gẹ́ Jinja, Kẹ́ńkẹ́ Kùmásí

Sátidé, oṣù Ṣẹẹrẹ

Bí àwọn ènìyàn wa bá gbọ́ pé oúnjẹ kan kò ní ẹran, kò ní ẹja, kò ní ẹyin, ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé báwo lèèyàn ṣe fẹ́ jẹ ẹ́ yó. Mo jẹ ẹ́ lónìí, mo sì yó dọ́ba. Ṣùgbọ́n ohun tí kò jẹ́ kí n tíì sùn kì í ṣe yíyó. Ìyá bàbá mi ni mo ń rántí láti ọ̀sán.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló ní ká jọ lọ jẹun. Ọmọ Gujarat ni, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, àmọ́ Leicester níbí, ní Ìlú Ọba, ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀ bá wa lọ. Belgrave Road ni ilé oúnjẹ náà wà, òpópónà tí gbogbo ayé ń pè ní Golden Mile, tí ṣọ́ọ̀bù góòlù, ti aṣọ sári àti ti ìpápánu dídùn tò sí lọ́tùn-ún lósì. Bí ọdún Diwali bá dé, èrò ibẹ̀ kì í gba ẹsẹ̀. Ilé oúnjẹ yìí kì í ṣe ti afẹ́. Tábìlì onírọ́bà, jọ́ọ̀gì omi kọ̀ọ̀kan lórí wọn, bàbá kan nídìí kántà tó ń forúkọ kí ẹni tó bá wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́, ẹ kọjá sẹ́yìn.

Nígbà tí mo rí ìyá ọ̀rẹ́ mi, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Kò jọ wọ́n lójú rárá. Wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n súre ní èdè wọn, wọ́n fà mí dìde. Ọ̀rẹ́ mi ní bí àwọn náà ṣe ń ṣe é nìyẹn: ọmọ á bẹ̀rẹ̀, á fọwọ́ kan ẹsẹ̀ àgbà, àgbà á sì gbọ́wọ́ lé e lórí. Láti ìgbà náà, Masi ni mo ń pè wọ́n, bí èèyàn ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni lọ́dọ̀ wọn.

Thali la ní kí wọ́n gbé wá. Àwo irin ńlá pẹrẹsẹ ni, tí àwọn abọ́ irin kéékèèké tò yí inú rẹ̀ ká. Dal wà níbẹ̀, ọbẹ̀ ẹ̀wà ṣíṣàn tó dùn tó sì kan díẹ̀. Kadhi wà níbẹ̀, wàrà kíkan tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà chana mú kí ó ki. Ìgbá àti ọ̀dùnkún tí wọ́n sè pọ̀ wà nínú abọ́ kan. Ilá wà nínú òmíràn, ilá tí wọ́n dín gbẹ pátápátá, tí kò yọ̀, tí kò fà. Mo jẹ ilá yẹn tán kí n tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Rotli ni wọ́n fi ń jẹ gbogbo rẹ̀, búrẹ́dì pẹlẹbẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi òróró bọ́tà pa lára. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹun, kò sẹ́ni tó gbé fọ́ọ̀kì síwájú mi. Bí wọ́n bá jẹ rotli tán, ìrẹsì ló kàn. Bí abọ́ kan bá ti ń gbẹ, ọmọkùnrin tó ń bu oúnjẹ ti dé pẹ̀lú ìkòkò àti ṣíbí ńlá. Owó kan náà ni, yálà ẹ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ jẹ ẹ́ títí. Masi ló ń sọ fún un pé kó bù sí i fún mi.

Ṣúgà inú ọbẹ̀ ya ahọ́n mi lẹ́nu o. Ṣúgà ìrèké dúdú ni wọ́n ń fi sí i, àjàgbọn ni wọ́n sì fi ń bá a wí. Masi ní ọbẹ̀ tí kò bá ní iyọ̀, ata, kíkan àti dídùn lẹ́ẹ̀kan náà kò tíì jinná lójú àwọn. Mo tún dal tọ́ wò lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì rí ohun tí wọ́n ń wí. Dhokla ni kò nílò àlàyé. Wọ́n á rẹ ẹ̀wà àti ìrẹsì, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó kan mọ́jú, wọ́n á fi ooru sè é. Ó dà bíi mọ́ínmọ́ín tó wú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé epo kaná, wọ́n á da èso músítáádì, yànmọ̀tí àti ewé kọ́rì sí i, bó bá ti ń ta páríparí wọ́n á dà á lé e lórí. Òórùn rẹ̀ kàn mí kí wọ́n tó gbé e dé. Wọ́n tún gbé ewé kókò wá, tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà olóòórùn dídùn pa lójú, tí wọ́n ká bí ẹní, tí wọ́n sè, tí wọ́n wá gé wẹ́wẹ́.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tọkọtaya kan ní kí wọ́n ṣe tiwọn láìsí ohun abẹ́ ilẹ̀. Ẹlẹ́sìn Jain ni wọ́n. Wọn kì í jẹ àlùbọ́sà, wọn kì í jẹ áyù, ọ̀dùnkún tàbí kárọ́ọ̀tì, nítorí ẹni tó bá fa gbòǹgbò ti pa ohun ọ̀gbìn náà, ó sì ti da ayé rú fún àwọn ẹ̀dá wínníwínní inú ilẹ̀. Ẹ̀sìn yìí ti wà ní Gujarat láti ayébáyé, òun àti àwọn olùsìn Krishna, òrìṣà àwọn Híńdù, ló sì mú kí oúnjẹ aláìlẹ́ran fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ oníṣu ni mí, mi ò lè fi iṣu sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó lè fi oúnjẹ du ara rẹ̀ nítorí kòkòrò tí kò fojú rí, mo bọ̀wọ̀ fún un gidigidi. Gandhi náà, ọmọ Porbandar ní Gujarat, ṣèlérí fún ìyá rẹ̀ kó tó wá kọ́ iṣẹ́ amòfin ní London ní 1888 pé òun kò ní fẹnu kan ẹran. Ebi pa á gan-an kó tó rí ilé oúnjẹ tí kì í se ẹran.

Abọ́ tó tẹ̀lé e ni mi ò retí. Ẹ̀gẹ́! Wọ́n ti bó o, wọ́n gé e gbọọrọ, wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n wá dín in títí ara rẹ̀ fi pọ́n. Wọ́n bu iyọ̀ àti ata gúngún sí i, wọ́n fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e. Mogo ni wọ́n ń pè é. Mo bi Masi ibi tí àwọn ará Íńdíà ti kọ́ ẹ̀gẹ́ dídín, ibẹ̀ ni ìtàn ti bẹ̀rẹ̀.

Jinja ni wọ́n bí Masi sí, ní Ùgáńdà, níbi tí odò Náílì ti ń jáde láti inú adágún Victoria. Bàbá wọn ń ta aṣọ níbẹ̀. Ní oṣù Ògún 1972, Idi Amin, olórí Ùgáńdà nígbà náà, fún àwọn ará Éṣíà ní ọjọ́ 90 kí wọ́n fi ìlú sílẹ̀. Nǹkan bí 28,000 nínú wọn ló wá sí Ìlú Ọba. Ìjọba ìbílẹ̀ Leicester tiẹ̀ gbé ìkéde sínú ìwé ìròyìn Uganda Argus pé kí wọ́n má wá síhìn-ín. Masi ní bàbá àwọn ka ìkéde náà sókè fún gbogbo ilé, ó sì ní ibẹ̀ gan-an làwọn ń lọ, nítorí àbúrò òun ti wà níbẹ̀. Ilé lọ, ọjà lọ. Ṣùgbọ́n títí dòní, Masi ṣì ń se àgbàdo nínú ọbẹ̀ ẹ̀pà bí wọ́n ṣe ń sè é ní Jinja, wọ́n ṣì ń se ọ̀gẹ̀dẹ̀ matoke, wọ́n ṣì ń dín ẹ̀gẹ́.

Mo bi wọ́n bóyá kì í korò lẹ́nu wọn. Wọ́n wò mí. "Ìyá tó ń ta ẹ̀gẹ́ fún wa sunkún lọ́jọ́ tí à ń lọ," ni wọ́n wí.

Nígbà náà ni mo sọ ti ìyá bàbá mi fún wọn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, Kùmásí ní Gánà sì ni ìyá àgbà ti tajà tí wọ́n fi bí bàbá mi. Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú 1969, ìjọba Busia, olórí ìjọba Gánà nígbà náà, ní kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Òfà, ará Ìnísà, ará Èjìgbò, ọ̀pọ̀ wọn ló di ẹrù lóru. Àwọn tó jẹ ìyá àgbà lówó kò san án. Wọ́n délé, wọn ò lówó lọ́wọ́, ohun tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n rẹ àgbàdo, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n fi háhá pọ́n kẹ́ńkẹ́. Ìyá Kùmásí ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jọ dé bá wá kí wọn, èdè Twi ni wọ́n máa fi ń bára wọn rẹ́rìn-ín. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ 1983, nígbà tí ìjọba Ṣàgàrí náà wá lé àwọn ará Gánà, bàbá mi ní ìyá àgbà kò jẹun lọ́jọ́ náà. Mo sọ èyí náà fún Masi. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n fi ń jẹ kẹ́ńkẹ́ ọ̀hún?" Mo ní ata tútù lílọ̀ àti ẹja díndín. Wọ́n ní ata náà ti tó.

Kí a tó dìde, wọ́n ní kí wọ́n bu undhiyu fún mi. Ọ̀sẹ̀ Uttarayan nìyí, ọdún tí wọ́n máa ń fò káìtì ní Gujarat ní ọjọ́ 14 oṣù Ṣẹẹrẹ, undhiyu sì ni oúnjẹ ìgbà òtútù wọn. Ìgbá kéékèèké, ẹ̀wà tútù, ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú, ànàmọ́, àgbọn, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo bu ẹyọ kan tó pọ́n bí elése àlùkò sẹ́nu. Ewùrà ni! Mo ní àwa máa ń rin ín, a ó fi ata àti àlùbọ́sà sí i, a ó dín in ní ọ̀jọ̀jọ̀. Masi kò gbọ́ rí pé wọ́n ń rin ewùrà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i.

Sátidé tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ nílé mi. Mi ò ní fi edé sí i. Mo ti ní kí ọkọ mi ra páànù tuntun, èyí tí ẹran kò dé rí, àti epo tí a kò tíì ṣí. Ewùrà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ìsàlẹ̀ ibí yìí ti jẹrà díẹ̀, nítorí náà màá tètè jí lọ́jọ́ náà, Belgrave Road ni máa ti lọ rà á.