Ewé Efinrin Kì Í Bá Èèpo Hó: Ohun tí Mo Kọ́ nípa Omi Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó

Ẹni tó bá ń gbé Adó-Èkìtì mọ ohun tí ooru oṣù Fẹ́búárì jẹ́. Ọyẹ́ á ti lọ, òjò ò tíì dé, àwọn àpáta tó yí wa ká á máa mu oòrùn láti àárọ̀, tó bá di alẹ́, wọ́n á wá máa tú u jáde. Bí mo bá fẹ̀yìn ti ògiri yàrá mi láago 9 alẹ́, ògiri náà á ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, omi lásán kì í tẹ́ àwọn ọmọ lọ́rùn, míńírà ni wọ́n ń bèèrè. Èmi ò sì fẹ́ kí wọ́n máa mu ṣúgà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í se omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó fúnra mi nìyẹn, pẹ̀lú atalẹ̀, ewé tíì àti efinrin. Mo bà á jẹ́ gan-an kí n tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dùn mí jù. Àbúrò mi obìnrin ń ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ní Ìkẹ́rẹ́. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má wulẹ̀ náwó sórí ohun mímu àwọn ọmọdé àtàwọn àgbà tí kì í mu ọtí, pé èmi ni n óò gbé e wá. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó 12 ni mo rà ní Ọjà Ọba. Ọjọ́bọ̀ ni mo sè é, Sátidé sì ni ìnáwó. Mo kó èèpo, inú ọ̀pẹ̀ òyìnbó, atalẹ̀, ewé tíì, efinrin, àti òroǹbó wẹ́wẹ́ tí mo gé sí méjì tèèpo-tèèpo, mo da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ìkòkò àlùmíníọ̀mù ńlá tí a fi ń se ìrẹsì òde, mo sì jẹ́ kó hó fún wákàtí kan gbáko. Èrò mi ni pé bó bá ṣe pẹ́ tó lórí iná ni agbára ewé á ṣe jáde tó. Òórùn efinrin gba gbogbo ilé, inú mi sì ń dùn. Mo sẹ́ ẹ, mo rọ ọ́ sínú àwọn ìgò rọ́bà tí mo fi omi tútù ṣan, nígbà tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo dé e pinpin, mo tò ó sílẹ̀ kíṣìnnì. Iná ò wá lóru yẹn, kò sì wá lọ́jọ́ kejì.

Láàárọ̀ Sátidé, a kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀. A ò tíì dé Ìkẹ́rẹ́ tí ìdérí kan fi fò, ó dún gbòlà, omi sì tú sára aṣọ òfì tí ìyá mi fẹ́ wọ̀ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí a ṣí àwọn ìgò yòókù, ìfóòfó ń ru jáde lẹ́nu wọn. Àwọ̀ rẹ̀ ti dúdú bí omi ẹ̀kọ́ tó jóná. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kan tọ́ ọ wò, wọ́n rọra gbé ife náà sílẹ̀, wọ́n ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Wọn ò tún fọwọ́ kàn án mọ́. Owó tí mo fẹ́ bá wọn dín kù, ìlọ́po méjì rẹ̀ la fi sáré ra ohun mímu níta gbangba, nígbà tí àwọn àna ti jókòó.

Ìyá ọkọ mi ló là mí lójú. Nígbà tí mo sọ bí mo ṣe sè é fún wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, àgbo ibà lo sè yẹn, kì í ṣe ohun mímu àlejò." Wọ́n jáde lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n já ewé efinrin kan, wọ́n rún un láàárín àtẹ́lẹwọ́, wọ́n nawọ́ sí mi nímú. "Òórùn tó o gbọ́ yìí là ń wá nínú ewé. Bó bá ti lọ, kí ló kù?" Mo dúró síbẹ̀, mo ń rántí bí òórùn yẹn ṣe gba ilé mi lálẹ́ Ọjọ́bọ̀. Inú ìkòkò ló ti ń sá jáde! Òróró tó wà nínú efinrin ló ń ta sánsán bẹ́ẹ̀, òróró náà sì fúyẹ́, ooru omi gbígbóná ló ń gbé e lọ. Ohun tí mò ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú pálọ̀ ni kò sí nínú ìgò mọ́. Kíkorò ló ṣẹ́ kù.

Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi ewé efinrin bá èèpo hó mọ́. Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí.

Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ńlá kan ti tó fún lítà omi 2. Má fi àwọ̀ nìkan rà á, nítorí òmíràn á pọ́n lára tí kò ní dùn nínú. Gbé ìdí rẹ̀ sí imú. Bó bá ń ta sánsán, ó ti tó. Bí kò bá ní òórùn kankan, ó ku ọjọ́ díẹ̀; bó bá ń rùn bí ẹmu tí ìdí rẹ̀ sì rọ̀, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Fọ̀ ọ́ dáadáa kó o tó bẹ ẹ́, fi búrọ́ọ̀ṣì ha àárín àwọn ojú ara rẹ̀, torí èèpo yẹn gan-an lo fẹ́ sè, yanrìn àti ohunkóhun tí wọ́n bá fín sí i lóko wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń da èèpo nù. Adùn pọ̀ níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Mo máa ń kó èèpo náà sínú ìkòkò pẹ̀lú atalẹ̀ tó gùn tó ìka méjì, tí mo ti gún díẹ̀, àti ewé tíì bí ẹ̀kúnwọ́ kan, tí mo ká tí mo sì so pọ̀ kó lè rọrùn láti yọ. Ewé tíì le, ó lè fara da iná, kò dà bí efinrin. Ìṣẹ́jú 20 ti tó. Ìkòkò tánganran tàbí èyí tí kì í dípata ni mo ń lò báyìí. Ohun kíkan máa ń jẹ àlùmíníọ̀mù, adùn irin á sì wọ inú omi náà. Ara ohun tó ṣe èyí tí mo gbé lọ sí Ìkẹ́rẹ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, mo máa paná. Mo á ṣí ìkòkò, mo á dúró díẹ̀ kí híhó rẹ̀ rọlẹ̀ pátápátá, kí ooru rẹ̀ dín kù. Ìgbà yẹn ni mo máa ń fọwọ́ ya efinrin, bí ewé 10 tàbí 12, mo á jù ú sínú rẹ̀, mo á sì dé e kíákíá. Ìṣẹ́jú 10. Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó o bá ṣí i, wàá rí i pé ewé náà ṣì ní àwọ̀ ewé, kò tíì di aláwọ̀ ilẹ̀. Yọ ọ́ nígbà yẹn, kó o sì sẹ́ omi náà. Ohun tí ìyá ọkọ mi fi sí mi nímú lẹ́yìn ilé, wàá gbọ́ òórùn rẹ̀ bí ife bá ti súnmọ́ ẹ.

Inú ọ̀pẹ̀ òyìnbó ńkọ́? Èmi kì í sè é bí a bá máa mu ún tán lọ́jọ́ náà. Mo á lọ̀ ọ́, mo á fi asẹ́ sẹ́ ẹ, mo á sì dúró kí omi èèpo tutù pátápátá kí n tó da méjèèjì pọ̀. Bí mo bá ń dà wọ́n pọ̀, Ìkọ́gòsì máa ń wá sí mi lọ́kàn, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn wá pàdé, tí kálukú sì ń gbé ìwà tirẹ̀ wá. Ti orí iná mú agbára atalẹ̀ wá, ti tútù mú adùn èso wá. Àmọ́ bí ẹnu rẹ bá máa ń yún ẹ tó o bá jẹ ọ̀pẹ̀ òyìnbó, se inú rẹ̀ náà fún ìṣẹ́jú 5. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní bromelain wà lára ohun tó ń ta èèyàn lórí ahọ́n. Òun náà ló ń jẹ́ kí omi ọ̀pẹ̀ òyìnbó máa mú ẹran rọ̀. Iná máa ń pa á.

Òroǹbó wẹ́wẹ́ 3 ló kẹ́yìn. Omi rẹ̀ nìkan ni kó o fún sí i, lẹ́yìn tó bá ti tutù. Èèpo rẹ̀ àti awọ funfun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń korò bó bá kan iná. Iná tún máa ń dín fítámì C inú rẹ̀ kù.

Ní ti ohun adùn, dúró títí yóò fi tutù kó o tó tọ́ ọ wò, nítorí ohun tó dùn nígbà tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kì í dùn tó bẹ́ẹ̀ mọ́ bó bá ti tutù. Bí kò bá tó, mo máa ń lọ dàbínù mélòó kan tí mo ti rẹ sínú omi mọ́ ọn, tàbí kí n fi oyin ṣíbí 2 sí i. Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin rárá. Àwọn lẹ́búlẹ́bú olóòórùn tí wọ́n ń tà lọ́jà fún irú nǹkan báyìí, mi ò fẹ́ wọn nítòsí ìkòkò mi. Bí efinrin bá wà níbẹ̀, kí la tún ń wá?

Ìpamọ́ ni ibi tí mo ti jìyà jù, mo sì bẹ̀ yín, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ohun mímu tí kò ní èròjà ìpamọ́ kankan kò gbọdọ̀ wà nínú ooru ju wákàtí 2 lọ. Bí iná bá wà, ọjọ́ 2 ni mo fún un nínú fìríìjì, mi ò ka ọjọ́ kẹta. Omi híhó ni kó o fi fọ ìgò, bí kì í bá ṣe rọ́bà. Gbé ìkòkò sínú bàsíà omi tútù kó o tó rọ ọ́, má rọ ohun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kó o sì dé e. Bó bá ti ń hó lẹ́nu ìgò láìsí iná, dà á nù. Áìsì bílọ́ọ̀kù tí a ń rà níta, inú kúlà ni kó máa wà, káàkiri ìgò, kì í ṣe inú ife, torí a kò mọ omi tí wọ́n fi ṣe é.

Nígbà tí kò bá síná, àmù ni mo ń sá lọ bá. Ọ̀kan tí ìyá ọkọ mi rà ní Ìsàn, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, ṣì wà lábẹ́ àtẹ̀gùn wa. Omi máa ń rọra yọ lára amọ̀ rẹ̀, afẹ́fẹ́ á gbẹ ẹ́, gbígbẹ náà á sì máa gbé ooru inú rẹ̀ lọ. Mo máa ń ki ìgò mi bọ omi inú rẹ̀. Bí o kò bá ní àmù, fi aṣọ tútù wé ìgò, gbé e sínú abọ́ yanrìn tó tutù níbi tí afẹ́fẹ́ wà. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ti kún fún omi, kì í tutù tó bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe fìríìjì o, nítorí náà a kì í jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ kí a tó mu ún.

Ẹni tó bá ní ìtọ̀ ṣúgà, ife kékeré kan ti tó, torí ṣúgà èso náà ṣúgà ni. Aláboyún, kó kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì rẹ̀ nípa ewé wọ̀nyí. Bó o bá sì fẹ́ fi ìṣápá pupa, ìyẹn sóbò, dípò ọ̀pẹ̀ òyìnbó, ọ̀nà kan náà ni, ṣùgbọ́n ìṣápá lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀, kí ẹni tó ń lo oògùn rẹ̀ sọ fún dókítà rẹ̀.

Lánàá, ooru mú gan-an. Mo bu ife kan fún ìyá ọkọ mi níbi tí wọ́n jókòó sí lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n kọ́kọ́ gbé e sí imú, wọ́n dúró, kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu. Wọ́n mu ún tán, wọ́n ní kí n fi ìgò kan pa mọ́ fún àwọn di ọ̀la. Mo ní, "Màámi, ẹ mu èyí tó kù báyìí. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó mìíràn wà nílẹ̀, n óò se ti ọ̀la lọ́la."